Iye agbára kan náà, ihò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ìdáhùn fún ẹni tó ń fi lésà tẹ titanium

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà ni mí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, orí ẹ̀rọ tó ń fi lésà yọ́ páúdà irin ní ìpele-ìpele títí yóò fi di odindi ohun èlò ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí mi. Ti-6Al-4V ni mò ń lò, ìyẹn titanium tí a fi alumíníọ̀mù àti vanadium díẹ̀ pò. Ìlànà tí mo bá lórí ẹ̀rọ ni 280 W, eré lésà 1200 mm/s, àlàfo ìlà 0.14 mm, ìpele 0.03 mm. Bí a bá ṣírò agbára tí lésà ná lórí irin, 55.6 J/mm³ ni (joule fún mílímítà kúbíìkì irin kan). Mo fẹ́ kí lésà rọra ṣiṣẹ́, mo bá dín in kù sí 140 W, mo sì dín eré kù sí 600 mm/s kí iye yẹn má bàa yí padà. Nígbà tí mo gé irin náà, ihò gbágungbàgun ló kún inú rẹ̀. Mo rò pé agbára ni kò tó, mo dá a padà sí 280 W, mo fi eré sílẹ̀ ní 600. Ihò tún wà níbẹ̀, àmọ́ róbótó ni tọ̀tẹ̀ yìí. Ọ̀gá mi ní kí n kó gbogbo rẹ̀ lọ fún HIP, ìyẹn ìléru tó ń fi ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ fún irin pọ̀, pé àwọn ihò náà yóò dí. Ṣé òótọ́ ni? Iye wo gan-an ni kí n máa tẹ̀ lé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, o kú akitiyan. Ohun tó kọ́kọ́ wù mí nínú lẹ́tà rẹ ni pé o gé irin náà, o sì wo inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í débẹ̀. Wọ́n á wọn ìwúwo irin nínú omi, wọ́n á rí 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì gbà pé ó ti parí. Ìwọ ti rí ihò méjì tí wọn kò jọra, inú àìjọra yẹn sì ni ìdáhùn rẹ wà.

Jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀: iye J/mm³ tí gbogbo wa ń kọ sínú ìwé, ìṣirò ìnáwó ni. Ó ń sọ iye agbára tí o ná lórí irin tó kún àyè kan. Bí o ṣe ná an, ibi tí agbára náà wọlé sí, ohun tó ṣe nígbà tó wọlé, kò sọ ìkankan nínú wọn. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó fi oṣù mẹ́ta lé iye kan ṣoṣo kiri nítorí pé ìwé kan ní òun ló dára jù fún titanium. Ó dùn mí, torí pé ọmọ náà gbọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́ kára.

Wo ìṣirò náà fúnra rẹ̀. O mú wọ́ọ̀tì lésà, o fi eré, àlàfo ìlà àti ìnípọn ìpele pín in. 280 W àti 1200 mm/s fún ọ ní 55.6. 140 W àti 600 mm/s fún ọ ní 55.6. Wàyí o, fi 1 W àti 4.3 mm/s sí i: 55 àti díẹ̀ ló tún máa bọ́ sí. Ṣùgbọ́n lésà 1 W tó ń rákò bí ìgbín kò lè yọ́ titanium tó ti dì nísàlẹ̀ páúdà láéláé. Bí ooru bá ṣe ń bọ́ sórí irin ni irin yóò ti máa gbé e sá lọ. Ìṣirò yẹn kò mọ̀ pé ooru ń sá.

Ọmọ tó bá ti bá alágbẹ̀dẹ fínná rí mọ èyí láìkàwé. Bí ó bá ń fọwọ́ hẹ́rẹ́hẹ́rẹ́ fún ẹwìrì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, eèdú tó máa jó lè tó ti ẹni tó fún un kíkankíkan fún wákàtí kan. Àmọ́ irin ti ẹni kejì á pọ́n, ti ẹni àkọ́kọ́ á kàn gbóná mọ́ni lọ́wọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpẹẹrẹ rẹ àkọ́kọ́ nìyẹn. O pín wọ́ọ̀tì sí méjì, o sì fún ooru ní ìlọ́po méjì àkókò láti sá wọ inú irin tó wà nísàlẹ̀. Adágún irin yíyọ́ tó yẹ kó jìn, kò jìn tó mọ́.

Ìṣirò kan wà tó sún mọ́ òtítọ́ ju J/mm³ lọ. Wayne King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lawrence Livermore National Laboratory, ní Kalifọ́nià, kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2014. Àwọn tó ń fi lésà jó irin pọ̀ ni wọ́n ti yá a. Kókó rẹ̀ ni pé lórí ẹ̀rọ kan náà, irin kan náà àti ojú lésà kan náà (ìyẹn fífẹ̀ ibi tí ìmọ́lẹ̀ lésà ti bá irin), bí adágún ṣe ń jìn sí ń tẹ̀ lé wọ́ọ̀tì tí a fi square root eré pín. Ṣe é fún tìrẹ. 280 pín sí square root 1200 jẹ́ 8.1. 140 pín sí square root 600 jẹ́ 5.7. Ìdá 29 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ, bẹ́ẹ̀ J/mm³ kò sì mì rárá. Àpẹẹrẹ kejì, 280 pín sí square root 600, jẹ́ 11.4, ìyẹn ni pé ó fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ìlànà ẹ̀rọ lọ. Ọ̀kan ṣubú sí apá òsì ọ̀nà, èkejì ré kọjá sí apá ọ̀tún.

Ihò gbágungbàgun ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ihò irin tí kò yọ́ pọ̀ nìyẹn. Tún fi máíkírósíkóòpù wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí o rí hóró páúdà tó ṣì wà ní róbótó nínú rẹ̀ bí ẹyin nínú ìtẹ́. Ẹni tó bá ti ro àmàlà tí omi rẹ̀ kò hó tó mọ irú rẹ̀: ojú àmàlà ń dán, àmọ́ bí o bá bù ú, kókó wà nínú rẹ̀, bí o bá sì tẹ kókó náà, èlùbọ́ gbígbẹ ló máa tú jáde. Nínú irin, ihò irú èyí burú ju gbogbo ihò yòókù lọ. Etí rẹ̀ mú, ó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín ìpele méjì, ó sì sábà máa ń dábùú ọ̀nà tí ẹrù máa fà irin náà sí bí a bá tẹ̀ ẹ́ lóòró. Irin tí a ń fà, tí a sì ń dẹ̀, tí a tún ń fà, ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ ọ́n ṣáájú, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an nítorí pé ojú lásán lè rí ohun tó ń sọ. Ìlà kọ̀ọ̀kan tí lésà bá fà ń fi irin yíyọ́ sílẹ̀ tí inú rẹ̀ rí bí ìdajì igbá. Ìdajì igbá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn, kí ibi tí wọ́n ti pàdé sì jìn tó láti kan irin ìpele ìṣáájú. Bí kò bá kàn án, páúdà máa há sáàárín. Lọ́dún 2017, Tang, Pistorius àti Beuth ní Carnegie Mellon University kọ ọ́ báyìí: pín àlàfo ìlà sí fífẹ̀ adágún, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, pín ìnípọn ìpele sí jíjìn adágún, sọ òun náà di ìlọ́po ara rẹ̀, ro méjèèjì pọ̀. Bí àròpọ̀ wọn kò bá ju 1 lọ, irin yóò yọ́ pọ̀.

Ká ní ìlà rẹ ní 280 W àti 1200 mm/s fẹ̀ tó 0.15 mm, ó sì jìn tó 0.09 mm. 0.14 pín sí 0.15, ní ìlọ́po ara rẹ̀, jẹ́ 0.87. 0.03 pín sí 0.09, ní ìlọ́po ara rẹ̀, jẹ́ 0.11. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 0.98. Ó kọjá, àmọ́ ṣín-ín-ṣín-ín ló fi kọjá. Ká ní ti 140 W àti 600 mm/s fẹ̀ tó 0.13, ó jìn tó 0.06: 1.16 àti 0.25, ó di 1.41. Àlàfo ìlà nìkan ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ kí a tó kan ìpele. Mo fi "ká ní" sí i torí pé ìwọ ló máa wọn tìrẹ. Má ṣe gba nọ́ńbà lọ́wọ́ mi.

Ohun tó yẹ kó yà ọ́ lẹ́nu nìyí. Bí o bá ní láti lo 140 W, bóyá torí pé lésà tó wà níwájú rẹ kò lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, fi eré sílẹ̀ ní 600, kí o sì fa àlàfo ìlà wọlé sí 0.10 mm. Nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe yìí, àròpọ̀ á di 0.84, irin á yọ́ pọ̀. J/mm³ á sì fò sókè sí 77.8, bẹ́ẹ̀ ìlà tí lésà ń fà kò yí padà rárá! Ìdàkejì rẹ̀ ló tún burú jù. Mú 280 W àti 600 mm/s tó fún ọ ní ihò róbótó, kí o na àlàfo ìlà sí 0.28 mm. 55.6 lo máa rí. Irin yẹn á ní ihò róbótó nídìí ìlà, á sì tún ní páúdà tó há sáàárín ìlà, lórí iye tí ìwé pè ní èyí tó dára jù.

Ọ̀rọ̀ ìpele náà ní ohun kan nínú tí kì í hàn sí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ní 0.03 mm, àmọ́ 0.03 yẹn ni pẹpẹ tí a ń tẹ irin lé lórí fi ń lọ sílẹ̀. Páúdà tí abẹ tẹ́ síbẹ̀ kò kún àyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ argon wà láàárín hóró. Bó bá yọ́, ó máa sún kì. Ìpele tó bá tẹ̀ lé e á wá bá àyè tó jìn ju 0.03 lọ, bẹ́ẹ̀ ni á máa pọ̀ sí i títí dé ibì kan tó máa dúró sí. Bí páúdà rẹ bá kún ìdajì àyè péré, ohun tí lésà ń bá jà lẹ́yìn ìpele mélòó kan jẹ́ nǹkan bí 0.06 mm páúdà. Torí náà, àròpọ̀ 0.98 kò fi mí lọ́kàn balẹ̀. Èmi máa ń wá 0.7 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀.

Ihò róbótó wá ńkọ́? Òdìkejì ni. Titanium yìí máa ń yọ́ ní nǹkan bí 1,600 sí 1,660 °C. Bí lésà bá dúró pẹ́ lójú kan pẹ̀lú agbára tó pọ̀, irin yóò kọjá yíyọ́, yóò máa hó, yóò sì di èéfín irin gbígbóná tó ń tú jáde pẹ̀lú ipá. Ipá yẹn á ti irin yíyọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á gbẹ́ kòtò tóóró sínú adágún. Àwọn tó ń jó irin pọ̀ ń pè é ní keyhole. Ìmọ́lẹ̀ lésà tó bá wọ kòtò yìí kì í tètè rí ọ̀nà jáde, ó ń ta lu ògiri kan, ó ń ta lu òmíràn, irin sì ń fà á mu lọ́nà tó pọ̀ ju ti ìgbà tí ojú adágún tẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí jíjìn fi máa ń fò lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í rọra pọ̀ sí i.

Ronú nípa ògì tó ti ń ki lórí iná. Ó ń hó, ó ń yanu, ó ń padé, atẹ́gùn ń ta jáde. Bí yìnyín bá lè mú un lójijì báyìí, gbogbo ihò tó ń yanu á há sínú ẹ̀kọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irin rẹ gan-an nìyẹn, nítorí pé irin yìí ń tutù ní ìwọ̀n ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún dígíìrì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí kòtò á padé mọ́ra, èéfín irin àti argon á há sísàlẹ̀, irin á dì bò ó. Torí ẹ̀ ni ihò rẹ fi rí róbótó, tó sì tò sí ìdí ìlà.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa tó wà nídìí iṣẹ́ yìí kàn ń méfò lórí ọ̀rọ̀ kòtò yìí ni, torí irin kì í jẹ́ kéèyàn rí inú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ Carnegie Mellon àti Argonne National Laboratory, lẹ́bàá Chicago, ló fi X-ray alágbára wo inú Ti-6Al-4V nígbà tí lésà ń yọ́ ọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nínú Science lọ́dún 2019. Kòtò wà ní gbogbo ìwọ̀n wọ́ọ̀tì àti eré tí a ń lò fún iṣẹ́ yìí, títí kan àwọn ibi tí a rò pé kò sí. Lọ́dún 2020, wọ́n tún fi hàn pé ààlà tó wà láàárín kòtò tó ń fi ihò sílẹ̀ àti èyí tí kì í fi sílẹ̀ mú gan-an, ó ṣeé fà lórí bébà.

Ìyẹn yí èrò mi padà, mo sì fẹ́ kí ó yí tìrẹ náà. Má bẹ̀rù kòtò. Ìlànà 280 W àti 1200 mm/s tí o bá lórí ẹ̀rọ ní kòtò tirẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ kòtò yẹn ni adágún fi jìn tó láti kan ìpele ìsàlẹ̀. Kòtò tó dúró ṣinṣin, tó ń sáré tẹ̀ lé lésà, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó jìn jù, tó tóóró jù, tí ìdí rẹ̀ ń gbọ̀n, tí lésà sì ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, òun ló ń fi ihò sílẹ̀. Nígbà tí o dín eré kù sí 600 láì dín wọ́ọ̀tì kù, o mú kòtò tó dúró, o sọ ọ́ di èyí tó ń gbọ̀n.

Mo ní kí n sọ ohun tí ìṣirò J/mm³ fi sílẹ̀ pátápátá, torí ó lè dé bá ọ lọ́la. Kò sí ojú lésà nínú rẹ̀. Ká ní ojú lésà rẹ fẹ̀ tó 0.08 mm lónìí, tí ó wá fẹ̀ sí 0.1 mm lọ́la torí pé gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ti gbóná. Wọ́ọ̀tì kan náà ti wá fọ́n sórí ilẹ̀ tó fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kòtò lè má ṣí mọ́ rárá. J/mm³ kò ní yí, fáìlì ẹ̀rọ kò ní yí, irin nìkan ló máa yí.

Ọ̀rọ̀ gíláàsì yìí ti jẹ mí níyà rí. Ní ṣọ́ọ̀bù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, a bá ihò gbágungbàgun nínú irin tí kì í ní ihò. Fáìlì kò yí padà. A bínú sí páúdà, a dà á nù, a ra tuntun. Ihò kò lọ. Ọjọ́ mẹ́ta kọjá kí ẹnì kan tó gbé òǹwọ̀n wọ́ọ̀tì sórí pẹpẹ. 280 la béèrè, ohun tó ń dé orí irin kò tó 240. Èéfín irin ti fi ẹ̀tù dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gíláàsì tó wà lókè, a kò sì nù ún bó ṣe yẹ. Páúdà tí a dà nù yẹn ṣì ń dùn mí dòní. Kí o tó yí ohunkóhun padà nínú fáìlì, nu gíláàsì, wọn wọ́ọ̀tì lórí pẹpẹ, kí o sì wò ó bóyá argon ń fẹ́ dáadáa láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Èéfín tí argon kò bá gbá lọ máa ń dènà lésà lójú ọ̀nà, páúdà sísun tó ń ta jáde sì lè bọ́ síbi tí lésà ń bọ̀ wá fà lẹ́yìn náà.

Kò sí irú irin nínú ìṣirò náà pẹ̀lú. Ìlànà tó wọ́pọ̀ fún AlSi10Mg lórí ẹ̀rọ 400 W ni 370 W, 1300 mm/s, àlàfo 0.19 mm, ìpele 0.03 mm. Ṣírò rẹ̀: 50 J/mm³. Alumíníọ̀mù yìí ń yọ́ ní nǹkan bí 600 °C, titanium ń yọ́ ní 1,600, iye méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Báwo? Alumíníọ̀mù ń dá ọ̀pọ̀ ìmọ́lẹ̀ padà, ó sì ń gbé ooru sá lọ ní ìlọ́po tó ju mẹ́wàá lọ sí ti titanium. Bàbà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lésà tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò, tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 1,070 nm, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ni bàbà tí ojú rẹ̀ ń dán máa ń fà mu, ó ń tari ìyókù padà. Ìyẹn ni àwọn kan ṣe lọ ń lo lésà aláwọ̀ ewé, 515 nm, tí bàbà ń fà mu dáadáa. Àwọn irin mìíràn sì wà tí kò sí bí o ṣe lè yí wọ́ọ̀tì tí wọn kò ní ya. Alumíníọ̀mù 7075 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, títí di ìgbà tí àwọn onímọ̀ HRL Laboratories ní Kalifọ́nià fi zirconium kíkéré jọjọ kún páúdà rẹ̀ lọ́dún 2017, tí yíya náà sì dáwọ́ dúró.

Ìrísí ohun tí o ń tẹ̀ náà kò sí nínú rẹ̀. Kúúbù 10 mm tí gbogbo wa fi ń dánwò kò sọ bí ògiri tínrín yóò ṣe rí. Nínú ògiri tínrín, ìlà lésà kúrú, lésà á yára padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò kó tó tutù, kòtò á sì máa jìn sí i. Níbi tí irin bá nà jáde sórí páúdà lásán, páúdà kì í gbé ooru lọ bí irin tó dì, ooru á kórajọ síbẹ̀. Ní ibi tí lésà bá ti ń yípo láti bẹ̀rẹ̀ ìlà tuntun, dígí tó ń darí rẹ̀ ní láti rọra kí ó tó yí, wọ́ọ̀tì kò sì rọra. Ihò róbótó á kó jọ sí ìkángun ìlà, nítòsí ojú irin gan-an, níbi tí yíya ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Wo ibi tí ihò rẹ kejì wà. Bí wọ́n bá pọ̀ létí ju àárín lọ, béèrè bóyá ẹ̀rọ rẹ lè pa lésà nígbà tó bá ń yípo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ lè ṣe é, ẹni kan ló máa ń gbàgbé láti tàn án.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Má tíì tẹ kúúbù kankan. Mú pẹpẹ titanium kan, tẹ́ ìpele páúdà kan ṣoṣo sí i, kí o fa ìlà ẹyọ kọ̀ọ̀kan: wọ́ọ̀tì mẹ́ta, 200, 240 àti 280, pẹ̀lú eré mẹ́ta, 900, 1200 àti 1500 mm/s. Ìlà mẹ́sàn-án ni. Fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta, torí ìlà kan lè tàn ọ́. Wò wọ́n láti òkè: ìlà tó já tàbí tó ṣù bí ìlẹ̀kẹ̀, fà á kúrò. Gé ìyókù, dán wọn, fi ásíìdì tó yẹ hàn wọ́n lábẹ́ ojú ẹni tó mọ̀ ọ́n lò dáadáa, torí èyí tó ń ṣiṣẹ́ lórí titanium ní hydrofluoric nínú, kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dá fọwọ́ kàn. Wọn fífẹ̀ àti jíjìn. Adágún tí jíjìn rẹ̀ bá ti ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ ti ń sún mọ́ ibi tí kòtò ti ń gbọ̀n. Èyí tí jíjìn rẹ̀ wà láàárín ìdajì fífẹ̀ sí bíi fífẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ kí o mú. Lẹ́yìn náà ni kí o fi ìṣirò àròpọ̀ yẹn yan àlàfo ìlà. Wàá rí i pé o kò béèrè J/mm³ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Máa yí ìlà ní dígíìrì 67 láti ìpele kan sí èkejì, bí ẹ̀rọ rẹ kò bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí àfo má bàa to sórí ara wọn. Tí o bá sì kọ àbájáde rẹ, kọ wọ́ọ̀tì, eré, àlàfo, ìpele, ojú lésà àti irú páúdà, gbogbo wọn. Ìwé tó bá kọ J/mm³ nìkan kò ran ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́wọ́. Ìlànà NASA tó jáde lọ́dún 2021, NASA-STD-6030, béèrè pé kí wọ́n fi ẹ̀rí hàn fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí ó tó lè tẹ ohun tí yóò fò. Fáìlì kan náà lórí ẹ̀rọ kejì kò tó ẹ̀rí. Mo gbà pẹ̀lú wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ HIP tí ọ̀gá rẹ sọ. Kò purọ́. A máa gbé irin sínú ìléru tó kún fún argon, ní nǹkan bí 920 °C, pẹ̀lú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ 100 MPa, fún bíi wákàtí méjì. Irin á rọ̀, ihò á fún pọ̀, ògiri rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra. Titanium ṣe dáadáa jù nínú èyí torí ó máa ń mu oxide ojú ihò náà sínú ara rẹ̀, ohun tí alumíníọ̀mù kì í ṣe. Ṣùgbọ́n argon tó há sínú ihò róbótó kò ní ibi tó máa lọ. Titanium kì í mu ún. Ihò á kéré débi tí CT, ẹ̀rọ X-ray tó ń wo inú irin, kò fi ní rí i mọ́, bí o bá sì tún gbé irin náà sínú iná tó gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìtẹ̀mọ́lẹ̀, àwọn kan nínú wọn á tún wú padà. Irin náà á pàdánù díẹ̀ nínú líle rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ yóò túbọ̀ lè fà kó tó já.

Àpẹẹrẹ rẹ kejì, ẹ lè gbé e lọ fún HIP bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ bí ihò róbótó ṣe ń pa dé. Àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, rárá. Ihò gbágungbàgun irú ìyẹn máa ń so mọ́ra títí yóò fi yọ sí ojú irin, ihò tó bá sì ti yanu síta, argon inú ìléru á wọ inú rẹ̀, á tì í láti inú bó ṣe ń tì í láti òde, kò ní pa dé. Sọ fún ọ̀gá rẹ pé owó ìléru yẹn, ẹ fi ra pẹpẹ titanium fún ìlà mẹ́sàn-án.